Àìníwèé Kò Gba Oníṣòwò Lọ́wọ́ Òfin

Ìmọ̀ràn kan wà tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Agbalépédogan, àdúgbò kan ní Lomé ní ilẹ̀ Togo, kì í ṣàì gbọ́ kí oṣù kìíní tó pé. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí òwò ló máa ń gbani nímọ̀ràn yìí, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́: “Má forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba o. Má bá onílé kọ̀wé, má bá oníbàárà kọ̀wé. Ìwé ló ń pe òfin wá sílé ẹni. Ẹni tí kò níwèé lọ́wọ́, òfin kò mọ̀ ọ́n.” Aránṣọ gbà á gbọ́. Onídìrí gbà á gbọ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àti ìyá tó ń ta òkìríkà gbà á gbọ́. Àwa Yorùbá tí a wà ní Lomé, tí wọ́n ń pè ní Anago, a tilẹ̀ gbà á gbọ́ ju àwọn onílẹ̀ lọ, nítorí èrò wa ni pé àlejò tó gbọ́n kì í jẹ́ kí ojú ìjọba tó òun.

Irọ́ ni. Irọ́ tó ń jẹ owó àwọn ènìyàn wa lọ́dọọdún sì ni. Òfin mọ ẹni tí kò níwèé dáadáa. Ó mọ̀ ọ́n bó bá jẹ gbèsè, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò bá jẹ gbèsè, ó mọ̀ ọ́n bí owó orí bá tó gbà. Ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá ké sí òfin pé kó gba òun nìkan ni òfin á bi í pé ẹ̀rí rẹ̀ dà. Ẹni tó sá fún ìwé ti sá fún apá tó lè gbèjà rẹ̀ nínú òfin, apá tó lè dè é sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ òfin tí à ń sọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1993, ní Port-Louis tí í ṣe olú-ìlú Mauritius, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lo èdè Faransé, fọwọ́ sí àdéhùn pé òfin òwò kan náà ni àwọn yóò máa lò. Àjọ tó ti ibẹ̀ jáde ni OHADA. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀ lónìí: Togo wà níbẹ̀, Benin wà níbẹ̀, Ivory Coast wà níbẹ̀. Òfin gbogbogbòò lórí iṣẹ́ òwò tí wọ́n ń lò báyìí, Lomé níbí ni àwọn mínísítà wọn ti fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2010, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Inú ìlú tí a ti ń tajà ni wọ́n ti ṣe é, síbẹ̀ àwa ni a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nàìjíríà kò sí nínú OHADA. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣìnà. Ẹni tó gba ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó wá kó ọjà rẹ̀ gba Sèmè kọjá wá sí Lomé, á máa rò pé òun ti forúkọ sílẹ̀ tán. Ìwé yẹn dára fún Nàìjíríà. Kò sọ ọ́ di oníṣòwò lójú òfin Togo. Ní Lomé, ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní CFE ni wọ́n ti ń ṣe ìwé ìdásílẹ̀ òwò, orúkọ ẹni á sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́ RCCM. Òfin OHADA sọ pé ẹni tó yẹ kó forúkọ sílẹ̀ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè pe ara rẹ̀ ní oníṣòwò láti fi gba ẹ̀tọ́ oníṣòwò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè sọ pé, nítorí òun kò forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n má ka ojúṣe oníṣòwò sí òun lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Àwọn tó ń sọ pé ẹni tí kò níwèé ti bọ́, kí wọ́n wá fèsì sí i.

Ọ̀ràn tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ládùúgbò wa ni ti ṣọ́ọ̀bù tí a háyà. Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ènìyàn á gba yàrá kan létí títì, á san owó oṣù mélòó kan sílẹ̀, á tún san owó ìdúró tí wọ́n ń pè ní caution. Á fi owó ara rẹ̀ kun ún, á lẹ táìsì sílẹ̀ rẹ̀, á fi irin ṣe ilẹ̀kùn, á gbé pátákó kọ́ iwájú. Ní ọdún àkọ́kọ́, eṣinṣin ló ń lé. Nígbà tó máa fi di ọdún kẹta, àwọn oníbàárà ti mọ ojú ibẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní oléyia ti ń fi ṣọ́ọ̀bù náà júwe ọ̀nà. Ìgbà náà ni onílé á dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan: “Ọmọ mi fẹ́ lo ibẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀, kí o ti kó jáde.” Ayálégbé á wo ọ̀tún, á wo òsì, kò sí ìwé kankan láàrin wọn. Àwọn tó wà nítòsí á sọ fún un pé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Á kó ẹrù rẹ̀, á lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Kò ní pẹ́ tí ọmọ onílé á fi máa ta irú ọjà kan náà, lójú kan náà, fún àwọn oníbàárà kan náà.

Ẹni tó sọ fún un pé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ló ṣe é níbi jù. Abala 103 nínú òfin gbogbogbòò yẹn sọ pé àdéhùn ìháyà ilé òwò, ìbáà ṣe àkọsílẹ̀, ìbáà ṣe àfẹnusọ, àdéhùn ni. Abala 104 fi kún un pé bí kò bá sí ìwé, tàbí tí wọn kò dá ọjọ́ ìparí, àdéhùn aláìlọ́jọ́ ni. Abala 125 kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi oṣù kan péré fòpin sí àdéhùn aláìlọ́jọ́: oṣù mẹ́fà gbáko ni onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé, kó sì fi huissier, òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ tó ń fi ìwé òfin jíṣẹ́, rán ìwé náà, tàbí kó gba ọ̀nà mìíràn tó fi hàn pé ó dé ọwọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Bó bá jẹ́ pé owó ilé ni ayálégbé kò san, onílé kò láṣẹ láti lọ fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí. Abala 133 ní kó kọ́kọ́ fún un ní ìwé ìkìlọ̀, kó fún un ní oṣù kan láti tún un ṣe, kó tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú adájọ́. Bí onílé bá ta ilé, ẹni tó rà á ra àdéhùn ayálégbé mọ́ ọn. Bí onílé bá kú, àdéhùn kò bá a kú. Bí ó bá jẹ́ ayálégbé ló kú, aya tàbí ọkọ rẹ̀, òbí rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ lè máa bá a lọ níbẹ̀, bí wọ́n bá fi huissier tàbí irú ọ̀nà mìíràn bẹ́ẹ̀ sọ fún onílé láàrin oṣù mẹ́ta. Opó mélòó ni wọ́n ti tì jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ kí ó tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, tí kò sí ẹnì kankan tó sọ èyí fún un?

Èyí tó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ láti tún àdéhùn ṣe. Oníṣòwò tó bá ti lo ilé fún ọdún méjì ó kéré tán, tó sì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí, òfin fún un ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n bá a tún àdéhùn náà ṣe. Bí onílé bá kọ̀ láìní ìdí tí òfin gbà, irú bíi kí ayálégbé ti ṣẹ̀ gidigidi tàbí kí onílé fẹ́ wó ilé náà láti tún un kọ́, owó gbà-má-bínú ló máa san. Bí wọn kò bá fẹnu kò lórí iye owó náà, abala 126 ti sọ ohun tí adájọ́ máa wò: iye tí ọjà ẹni náà ń wọlé, owó tí ó ti ná sí ilé náà, ibi tí ilé náà wà, àti owó tí yóò fi kó ẹrù lọ síbòmíràn.

Níbí ni àìníwèé ti ń pa wá. Òfin ti la ọ̀nà sílẹ̀, ó ti sọ pé kí wọ́n san owó fún wa, ohun tó kù ni kí a fi hàn. Iye tí ọjà rẹ ń wọlé, níbo lo kọ ọ́ sí? Owó táìsì, owó irin, owó ẹni tó kun ilé, rìsíìtì wọn dà? Owó ilé tí o ti ń san láti ọjọ́ yìí, ṣé ọwọ́ sí ọwọ́ lo ń san án, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, láìgba ìwé kankan? Onílé á dúró níwájú adájọ́, á ní àlejò òun lásán ni ọ́, pé àánú ló mú kí òun fún ẹ níbi tí o jókòó sí. Ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ ẹ, ẹ̀rí ni kò sí. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ ìparí gbọ́dọ̀ béèrè fún ìtúnṣe nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kó sì fi huissier tàbí ọ̀nà mìíràn tó fi hàn pé ó dé ọwọ́ onílé béèrè rẹ̀, bí ọjọ́ yẹn bá fi lè kọjá, ẹ̀tọ́ náà bá a lọ. Ẹni tó sì forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ kékeré tí òfin pè ní entreprenant, kó rí i dájú pé wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ìtúnṣe yìí ní pàtó sínú ìwé àdéhùn rẹ̀, kó má fi í sílẹ̀ fún àfẹnusọ.

Ẹ wá wo ìwé káyé tí ọ̀pọ̀ wa ń kọ àwìn sí. Abẹ́ àpótí owó ló sábà máa ń wà, epo ti kán sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n so bírò mọ́ ọn lókùn. Ṣí i, wàá rí i: “Maman Kossi, ìrẹsì, 14.500.” Wọ́n fa ìlà gba orí 14.500 kọjá, wọ́n kọ “ku 6.000” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ọjọ́, kò sí oṣù, kò sí nọ́ńbà fóònù, kò sí ìfọwọ́sí. Ta ni Maman Kossi? Láàrin àwọn Ewe, ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n ń pè ní Kossi. Ìyá Kossi tó wà ní Agbalépédogan nìkan kò lóǹkà. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ẹni tó ní lọ́kàn, òun nìkan náà ló sì mọ̀ ọ́n. Bí àìsàn bá dá a dúbúlẹ̀, kò sí ọmọ rẹ̀ tó lè fi ìwé yẹn gba kọ́bọ̀.

Ó dùn mí, nítorí òfin kò béèrè ohun tó pọ̀. Bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè bá jẹ́ oníṣòwò bíi tìẹ, ẹ̀rí yòówù tí o bá ní ni ilé ẹjọ́ lè gbà, títí kan èyí tó wà nínú fóònù. Ọ̀rọ̀ WhatsApp tó sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, màá san 6.000 tó kù lọ́jọ́ Ẹtì,” ẹ̀rí ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ owó orí fóònù tó wọlé lórí Flooz tàbí lórí T-Money àtijọ́ tó di Mixx, ẹ̀rí ni. Bí ajigbèsè kì í bá ṣe oníṣòwò, tó jẹ́ aládùúgbò tó ra ọjà lọ sílé jẹ, ọwọ́ òfin le díẹ̀ sí i, ìfọwọ́sí rẹ̀ nínú ìwé ló dára jù. Ìlà kan péré ló ń gbà: orúkọ rẹ̀ ní kíkún, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́, iye owó, ìfọwọ́sí. Kò gba ìwé mẹ́wàá.

Ọjọ́ tí mo mẹ́nu bà yẹn ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. A máa ń sọ pé bó pẹ́ bó yá, ajigbèsè á san. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbèsè ọjà tí oníṣòwò tà fún oníṣòwò, ọdún méjì péré ni òfin OHADA fi sílẹ̀ láti pè é lẹ́jọ́. Tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ajigbèsè lè wo ojú ẹ kó ní ọjọ́ ti lọ, òótọ́ ló sì sọ. Ìwé káyé tí kò ní ọjọ́ kò lè sọ bóyá ọdún méjì ti pé tàbí kò tíì pé. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan wà tí kò gùn, tí wọ́n ń pè ní injonction de payer: olówó á kọ̀wé sí olórí ilé ẹjọ́, á so ẹ̀rí gbèsè mọ́ ọn, adájọ́ sì lè pàṣẹ pé kí ajigbèsè san án láì tíì pe àwọn méjèèjì jókòó, bí ajigbèsè bá ní ohun tó fẹ́ sọ, ìgbà náà ni yóò tako àṣẹ náà. Wọ́n tún òfin tó gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ṣe ní Kinshasa ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ẹni tí gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ “Maman Kossi, ku 6.000” kò lè gba ọ̀nà yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí òwò àjọṣe. Ọ̀rẹ́ méjì pàdé: ọ̀kan ní owó, èkejì ní ọwọ́ iṣẹ́. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń pín èrè ní ìdajì-ìdajì, wọ́n ní àwọn kò dá ilé iṣẹ́ kankan sílẹ̀. Lójú tiwọn, wọn kò sí nínú òfin rárá. Ṣùgbọ́n òfin ilé iṣẹ́ ti OHADA, tí wọ́n tún ṣe ní Ouagadougou ní oṣù Kìíní ọdún 2014, ní orúkọ fún ohun tí wọ́n ṣe: société créée de fait. Bí adájọ́ bá ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí, òfin tó le jù nínú gbogbo òfin ilé iṣẹ́ ni yóò kà sí wọn lọ́rùn, èyí tó ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dáhùn fún gbogbo gbèsè ẹgbẹ́ pẹ̀lú ohun ìní ara rẹ̀. Bí ẹnìkejì rẹ bá kó ọjà mílíọ̀nù mẹ́ta láwìn lórúkọ ṣọ́ọ̀bù yín, tó wá kọjá sí Aflao ní ilẹ̀ Ghana, tí kò sì jìnnà sí àárín Lomé rárá, ọ̀dọ̀ rẹ ni olówó ń bọ̀. Gbogbo mílíọ̀nù mẹ́ta ló ń bọ̀ wá gbà. Ká ní ẹ forúkọ irú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SARL sílẹ̀ ni, ohun tí kálukú yín fi sínú ilé iṣẹ́ ni gbèsè ilé iṣẹ́ ì bá kàn. Àìkọ̀wé ló gbé ilé rẹ, ọkọ̀ rẹ àti owó ilé ìwé ọmọ rẹ síwájú olówó.

Àwọn kan á ní, “Ó dáa, ṣùgbọ́n òfin wà fún ọ̀mọ̀wé. Ta ló fẹ́ ka gbogbo Faransé yẹn?” Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin onígbọ̀wọ́, tí wọ́n tún ṣe ní Lomé ní ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye owó náà, ní lẹ́tà àti ní nọ́ńbà. Ẹni tí kò mọ̀wéé kọ, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí náà á fi hàn nínú ìwé pé òun gan-an ló wà níbẹ̀, àti pé wọ́n ti ṣàlàyé fún un ohun tí ìwé náà jẹ́ àti ohun tó lè ti inú rẹ̀ jáde. Tìtorí ẹni tí kò kàwé ni wọ́n ṣe kọ abala yìí. Ìyá tí wọ́n bá ní kó wá tẹ ìka fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yá owó kéékèèké, tí kò sí ẹlẹ́rìí, tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún un, kó ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó le jù láti dá lóhùn ni ti ìfọkàntán, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n á ní ọmọ ìyá ni wá, pé ìwé ń ba ìfẹ́ jẹ́, pé àwọn baba wa tó ṣáájú wa dé Lomé, tí àdúgbò kan ń jẹ́ Anagokomé títí dòní, kò bá ẹnikẹ́ni kọ̀wé kí wọ́n tó lówó. Òótọ́ ni pé wọn kò kọ̀wé. Kì í ṣe òótọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu méjì péré ló wà láàrin wọn. Yorùbá kì í yá ara wọn lówó tó jọjú láìsí onígbọ̀wọ́, a kì í ta ilẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí, a kì í fẹ́yàwó láìsí alárinà. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé aṣọ káàkiri ìgbèríko láwìn mọ ilé ajigbèsè, wọ́n mọ oko rẹ̀, wọ́n mọ baba tó bí i; ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n á sì lóṣòó sí títí owó fi máa jáde. Gbogbo abúlé ni ẹlẹ́rìí. Ní Agbalépédogan, ẹni tó ra ọjà lánàá lè kó kúrò nílé lọ́la, ó lè yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí abúlé tó ń wò ó. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìwé ni ẹlẹ́rìí tó kù fún wa. Ní ti pé ó ń ba ìfẹ́ jẹ́, ẹ wo àwọn ọ̀rẹ́ tí kò kí ara wọn mọ́ ládùúgbò yín, kí ẹ béèrè bóyá ìwé ló dá ìjà wọn sílẹ̀, tàbí pé kálukú wọn rántí àdéhùn kan náà lọ́nà tó yàtọ̀.

Ẹ̀rù owó orí ńkọ́? Èmi náà mọ̀ pé òun gan-an ló wà lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n OTR, àjọ tó ń gba owó orí ní Togo, kò nílò kí o kọ̀wé wá bá òun kó tó rí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì. Owó orí kan wà tí wọ́n ń pè ní TPU, fún àwọn oníṣòwò tí ọjà wọn kò kọjá mílíọ̀nù 60 fàráǹkì CFA lọ́dún. Ẹni tó ní àkọsílẹ̀ lè dúró lórí rẹ̀ kó sọ pé, “Èyí ni mo tà, iye tó kàn mí nìyí.” Ẹni tí kò ní, ohun tí òṣìṣẹ́ bá fojú díwọ̀n ni yóò máa bẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀, láàárọ̀, lójú oníbàárà. Òfin OHADA sì ti fún ẹni kékeré ní ìrọ̀rùn: entreprenant lè kéde iṣẹ́ rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, ìwé tí wọ́n sì ní kó máa kọ lójoojúmọ́ ni èyí tó ń sọ owó tó wọlé, ibi tó ti wá, owó tó jáde àti ohun tó bá lọ, kó sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ìyá tó ń ta ata lè kọ ọ́, tàbí kí ọmọ rẹ̀ tó wà níléèwé máa bá a kọ ọ́.

Ó yẹ kí àwa Yorùbá ju gbogbo ènìyàn lọ ti mọ èyí, nítorí ohun tí ojú wa rí ní Ghana. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran kó ẹrù sórí ọkọ̀, ọ̀pọ̀ wọn gba Lomé yìí kọjá lọ sílé. Àwìn tí wọ́n tà wà lẹ́yìn wọn, nínú orí. Mi ò ní sọ pé ìwé ì bá ti gbà wọ́n pátápátá. Ní ọdún 1970, Ghana tún ṣe òfin tó fi ọ̀pọ̀ òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan, ẹni tó níwèé pàápàá fara gbá a. Ṣùgbọ́n àwọn tí àṣẹ 1969 kọ́kọ́ mú ni àwọn tó gbàgbọ́ pé ìjọba kò mọ àwọn, nítorí àwọn kò níwèé.

Mo gbà pé ẹ̀bi kò sí lórí oníṣòwò nìkan. Èdè mẹ́rin ni OHADA ń lò: Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Potogí àti Sípáníìṣì. Kò sí Ewe níbẹ̀, kò sí Kabiyè, kò sí Yorùbá. Wọ́n ṣe òfin tó ń gbèjà ìyá aláta, wọn kò sì sọ ọ́ ní èdè tí ìyá aláta ń gbọ́. Àléébù ńlá nìyẹn lọ́rùn àwọn ìjọba. Owó huissier àti owó agbẹjọ́rò náà kò rọrùn fún ẹni tó ń jèrè ẹgbẹ̀rún méjì lójúmọ́. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ òwò ti wà ní Lomé lábẹ́ òfin tí Togo ṣe ní ọdún 2018, tó sì tún ṣe ní ọdún 2020, àwọn oníṣòwò sì ń jókòó pẹ̀lú adájọ́ níbẹ̀ láti dá ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ìjà onílé àti ayálégbé kò tilẹ̀ ní dé ibẹ̀, bí onílé bá ti mọ̀ pé ẹni tí òun fẹ́ lé jáde mọ abala 125, tó sì ní rìsíìtì lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà ní Lomé, ẹ̀yin aṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí tí àwọn ènìyàn wa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, iṣẹ́ yín ló kù. À ń dá owó fún ìsìnkú, à ń dá owó fún ìkómọ. Ẹ jẹ́ ká dá owó fún agbẹjọ́rò kan tí yóò wá jókòó pẹ̀lú wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí yóò fi Yorùbá sọ fún wa ohun tó wà nínú òfin tí wọ́n ṣe nínú ìlú yìí. Ìwọ tí o ní ṣọ́ọ̀bù, bí onílé rẹ bá wá gba owó oṣù yìí, gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kí o fi fóònù san án kí àkọsílẹ̀ lè wà. Bí o bá tún ń ta àwìn lónìí, kọ orúkọ ẹni náà ní kíkún, kọ ọjọ́ sí i, kí o sì gbé bírò fún un kó fọwọ́ sí i.